Tísà Oyèlàmí àti Ẹ̀rọ Akólòlò

Ọkùnrin kan wà ní Ìrágbìjí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Tísà Oyèlàmí. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ físíìsì kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò mọ̀ pé kì í fẹ́ kí nǹkan pẹ́. Bó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ kí òun tó pa ẹnu dé. Bí o bá ní, "Ẹ jẹ́ n rò ó wò, sà," ó ti kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tì ọ́. Ènìyàn dáadáa ni o. Kì í jalè, kì í purọ́, kì í jẹ owó olówó, àmọ́ sùúrù kò sí nínú ẹrù tó dì wá sáyé.

Iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ṣòro ṣàlàyé fún aládùúgbò. Nínú kọ̀ǹpútà, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké pọ̀ tí wọ́n ń gbé pọ̀: èyí ń wọn ooru, èyí ń ṣọ́ aago, èyí ń ka bátìrì. Wáyà méjì péré ni gbogbo wọn jọ ń lò láti fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn oníṣẹ́ náà ń pe ọ̀nà wáyà yìí ní bọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń pe àkọsílẹ̀ tó mọ bí a ṣe ń pe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ ní dírẹ́bà. Àkọsílẹ̀ náà kì í ṣe títà. Ti àjọni ni. Ibi yòówù kí ènìyàn wà láyé, ó lè kà á, ó lè mú un lò, ó sì lè fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan ní olùtọ́jú tirẹ̀, tí yóò yẹ àtúnṣe wò kó tó fọwọ́ sí i. Tísà ló kọ ọ̀kan nínú wọn ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òun náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀ títí di ìgbà tí à ń wí yìí.

Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, á ní, "Mò ń tún dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ṣe ni." Bàbá Kàmórù tó kọjú ilé sí i fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Tísà, ẹ bá wa tún ti gáréèjì ìlú yìí náà ṣe o. Tiwọn ti bàjẹ́ kọjá àlà!"

Bí Tísà ṣe ń pe rẹ́jísítà ní kíláàsì ló ṣe kọ́ dírẹ́bà rẹ̀ láti máa pe àwọn ẹ̀rọ. Dírẹ́bà á pe orúkọ, ẹni tó ni orúkọ á dáhùn, ó parí. Bí ẹ̀rọ kan kò bá sì dáhùn kí ó tó ka oókan dé àárùn-ún, dírẹ́bà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé "Kò sí," á sì máa bá ti ẹ̀ lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún Tísà, Ìṣọ̀lá lorúkọ rẹ̀, akólòlò sì ni. Ọ̀rọ̀ tí a ń pa ètè dé kí a tó sọ ló máa ń há a lẹ́nu jù. Nígbà tí ọmọ náà wọ kíláàsì bàbá rẹ̀, pípe rẹ́jísítà di ìyà ojoojúmọ́. Tísà á pe, "Oyèlàmí Ìṣọ̀lá." Ọmọ á dìde, á la ẹnu, iṣan ọrùn rẹ̀ á le, ṣùgbọ́n "Pírẹ́sẹ́ǹtì, sà" kò ní jáde. Tísà á ka oókan dé àárùn-ún. Lẹ́yìn náà, lójú ọmọ tó dúró síwájú rẹ̀ gbọnrangandan, á kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí, kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Kò fi ṣe ìkà. Ó rò pé ìtìjú yóò tú ahọ́n ọmọ òun ni. Nílé pàápàá, bí Ìṣọ̀lá bá fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́ parí, ìgbà púpọ̀ ló sì jẹ́ pé ohun tí ọmọ fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn.

Ẹni ọdún méjìlélógún ni Ìṣọ̀lá nígbà tó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, tó lọ sí Jọ́ọ̀sì lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ó di ọdún mẹ́sàn-án, kò padà wálé rí.

Àárò ọmọ náà sọ Tísà. Ó sọ ọ́ ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe lè wí lọ. Ohun tó máa ń rántí jù ni ẹ̀rín Ìṣọ̀lá, nítorí kò kólòlò nínú ẹ̀rín. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ á tú jáde gbuurugbu. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bá ń kọjá lọ níwájú ilé, Tísà á dìde lórí àga, á wò ó títí yóò fi yà kúrò, á wá padà jókòó.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló máa ń pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Ìṣọ̀lá kò kọ ìpè rẹ̀ rí. Á gbé fóònù, Tísà á sì máa gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ìṣọ̀lá? Ṣé ìwọ nìyẹn? Ṣé àlàáfíà lo wà?"

Èémí nìkan.

"Kí ló dé tí o ò fẹ́ dá mi lóhùn? Kí ni mo ṣe fún ọ tí kò tán nínú rẹ? Ó dáa. Mo ti gbọ́. O kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀." Á sì pa fóònù. Á wá jókòó síbẹ̀, á máa wo ojú fóònù, ọkàn rẹ̀ á wúwo títí di ọjọ́ Ajé.

"Ẹ máa ń tètè pa á jù, Bàbá Ìṣọ̀lá," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí. "Ó ń bá èmi sọ̀rọ̀ dáadáa."

"Ìwọ ló fẹ́ràn. Èmi ni kò rí tèmi rò."

Lọ́dọọdún ni obìnrin náà ń wí fún un pé ó ń tètè pa fóònù, etí ọ̀tún ló ń gbà wọlé, etí òsì ló ń gbà jáde.

Ní ọdún kẹsàn-án yẹn ni lẹ́tà kan wọlé sórí kọ̀ǹpútà Tísà. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Múlíkátù ló kọ ọ́. Òun ló ń tọ́jú fíríìjì oníkọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ-ọwọ́ sí, ní abúlé kan lápá Ṣakí. Ó kọ ọ́ báyìí pé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀rọ tí ń wọn òtútù fíríìjì wa wà níbẹ̀, mò ń fi ọwọ́ mi kàn án, ṣùgbọ́n dírẹ́bà yín ń sọ pé kò sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti da abẹ́rẹ́ nù, nítorí a kò mọ̀ bóyá òtútù rẹ̀ ṣì pé. Sà, ẹ̀rọ yìí kò kú. Ó ń kólòlò ni. Mo ti fi àtúnṣe kékeré kan ránṣẹ́, kí ẹ lè dúró dè é díẹ̀ sí i."

Ọ̀rọ̀ "ń kólòlò" yẹn kò dùn mọ́ Tísà nínú. Ó fèsì kíá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Ọ̀nà kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí a bá ń dúró de ọ̀lẹ kan, gbogbo àwọn tó kù lórí wáyà ni yóò dúró. Ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀rọ yín."

Múlíkátù kò jáwọ́, kò sì sọ ọ̀rọ̀ ọ̀yájú. "Ẹ má bínú, sà. Mo kà á nínú ìlànà yín pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ohun tí kò fi ojú ara rẹ̀ rí. Ẹ kò tíì rí ẹ̀rọ yìí o, sà, ẹ sì ti dájọ́ fún un. Mò ń fi í ránṣẹ́ sí yín."

Tísà ní kí ó fi í wá, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìlànà náà.

Ọjọ́rú ni ẹ̀rọ ọ̀hún dé, nínú agolo mílíìkì tí wọ́n fi òwú dì. Kò tóbi ju èékánná lọ. Tísà so ó mọ́ wáyà méjèèjì, ó so wáyà náà mọ́ ẹ̀rọ mìíràn tí ń ya ìrìn iná sójú gíláàsì, ó sì jẹ́ kí dírẹ́bà pè é lórúkọ. Èrò rẹ̀ ni pé ojú gíláàsì yóò dákẹ́ lọ, kí òun lè kọ̀wé sí obìnrin yẹn pé, "Ẹ ò rí i?"

Ṣùgbọ́n gíláàsì kò dákẹ́. Bí dírẹ́bà ṣe pe orúkọ tán báyìí ni ìlà iná já wálẹ̀, tó sì dúró nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ló fà á mọ́lẹ̀. Tísà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nínú èdè wáyà náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Mo gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí." Dírẹ́bà ka oókan dé àárùn-ún, ó kọ "Kò sí," ó sì jáwọ́. Lẹ́yìn tó ti lọ tán ni ìlà iná wá gbéra sókè, tó ń gbọ̀n. Ìdáhùn ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ́.

Tísà tún un pè. Bákan náà ló rí. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì rí i pé gbogbo ìgbà tí òun bá já a lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ máa ń dà nù mọ́ ọn lọ́wọ́, tí yóò sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá mú àtúnṣe Múlíkátù, ó fi sí i, ó sì pe ẹ̀rọ náà. Eéfà, eéje, eéjọ. Nígbà tí kíkà dé oókànlá, ẹ̀rọ náà dáhùn. Ó sọ ìwọ̀n òtútù yàrá náà pé pérépéré, kò fi ẹyọ kan ṣìnà.

"Ó wà níbẹ̀," ni Tísà wí fún ara rẹ̀. "Láti ọjọ́ yìí wá, ó wà níbẹ̀."

Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí "Kò sí" tí òun tìkára rẹ̀ kọ, kì í sì í ṣe fíríìjì Ṣakí ló rí mọ́. Ọrùn ọmọ kan tí iṣan rẹ̀ le ló rí, àti ẹnu tó là sílẹ̀ níwájú kíláàsì. Omi bọ́ lójú àgbàlagbà náà. Ó fi apá aṣọ nù ún, ó fọwọ́ sí àtúnṣe Múlíkátù, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Mo fi ojú ara mi rí i. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Èmi ni n kò dúró."

Ó dìde, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá Ìṣọ̀lá, bí ọmọ yìí bá pè ọ́, báwo lo ṣe máa ń ṣe é tó fi ń sọ̀rọ̀?"

Obìnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu. "N kì í ṣe é ní nǹkan kan. Mo máa ń dákẹ́ ni. Ìgbà mìíràn, mo ti lè ṣa ẹ̀wà ìdajì àtẹ kó tó kí mi. Ṣùgbọ́n tèmi rọrùn fún un. 'Ìyá' ló máa fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kì í há a lẹ́nu. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọmọ tí a kọ́ ní ilé kò lè la ẹnu sọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀ láìkọ́kọ́ pe 'baba.' Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kò rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ rò pé ó ń bá yín bínú? Ẹ̀yin ló fẹ́ pè, láti ọdún mẹ́sàn-án."

Tísà kò dúró de Sátidé. Ó padà wọlé, ó jókòó, ó sì pe nọ́ńbà náà.

Wọ́n gbé e. Èémí.

"Ìṣọ̀lá, èmi ni," ló wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Kíkà kọjá àárùn-ún, ó kọjá oókànlá. Nígbà tó yá, kò kà mọ́. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀: ìbéèrè, ẹ̀bẹ̀, àlàyé, gbogbo rẹ̀ ń ti ara wọn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó níbi kan lọ́hùn-ún, ní Jọ́ọ̀sì. Kíkan náà dáwọ́ dúró. Ohùn kan fẹ́ jáde, ó kú. Ó tún fẹ́ jáde.

"B... b..."

Tísà mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tó wù ú láti gbọ́ tó o láyé yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìgbà kan tó wù ú tó báyìí láti bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ parí. Kò bá a sọ ọ́. Ìyá Ìṣọ̀lá ti dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀, kò mira.

"Ba... b... ba..."

Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tísà dúró.

"Baba," ni Ìṣọ̀lá wí. "Baba, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Ọdún mẹ́sàn-án ló pè ní ọjọ́ mẹ́ta. "Òo, ọmọ mi," ni Tísà dá a lóhùn, ẹkún sì gba ohùn mọ́ ọn lẹ́nu, tó fi jẹ́ pé Ìṣọ̀lá ló wá ń dúró de bàbá rẹ̀.

Àwọn ìlú mìíràn ní ìtàn tiwọn lórí òwe tí a fẹ́ pa yìí, wọ́n sì ní ó ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. A kò bá wọn jiyàn. Àmọ́ ní Ìrágbìjí, bí ènìyàn bá ń retí ohun kan tó pẹ́ tí kò dé, tó fẹ́ jáwọ́, ohun tí Ìyá Ìṣọ̀lá sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ń dá a dúró: bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba.