Ògiri Kì í Ṣe Ògìrì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àparò, ó bà lé Agbe, Àlùkò àti Lékeléke. Ó bà lé Ìyá Àwẹ̀ró, arúgbó tó ń kun ògiri.

Láyé àtijọ́, aṣọ pípọ́n kan náà ni gbogbo ẹyẹ ń wọ̀. Ògiri ilé ìpàdé wọn nìkan ló dára. Ibẹ̀ ni Ìyá Àwẹ̀ró ń ya ìtàn ìran ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sí. Bí òjò bá fọ̀ ọ́ dànù, á tún un yà. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, eéṣú jẹ oko ìyá. Ebi ń pa á, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òjò sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó bá forin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é o:

"Ògiri mi ò tíì parí o."
Ẹ bá mi ṣe é!
"Òjò ń bọ̀, ìtàn ń lọ o."
Ẹ bá mi ṣe é!

Àparò gbọ́ ọ láti oko àgbàdo rẹ̀. "Háà! Ìyá ń se ògìrì!" Itọ́ ti kún un lẹ́nu. Ó gbé àgbàdo mẹ́ta, ó sáré lọ.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògìrì dà?"

"Ògiri nìyí, ọmọ mi."

Àparò gbé imú sí i. Ó gbé ẹnu sí i. Amọ̀ lásán!

"Ṣé èyí ṣeé fi sebẹ̀?"

"Rárá. Ó ṣeé wò ni."

"Wíwò kì í yóni, ìyá." Ó gbé àgbàdo rẹ̀, ó di ilé. Ẹ ò rí ahun?

Agbe gbé iṣu wá. Àlùkò gbé epo wá. Lékeléke gbé ẹja wá. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí ìyá máa fún òun. Ìyá jẹun, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi aró yà, ó fi osùn yà, ó fi ẹfun yà. Àparò gun orí ebè, ó ń yọjú. "Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń rí níbẹ̀ ná?"

Nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, ìyá ní, "Ẹ̀yin tí ẹ bọ́ mi, ẹ fi ìyókù inú ìkòkò wẹ̀."

Agbe kó sínú aró. Àlùkò kó sínú osùn. Lékeléke kó sínú ẹfun. Bí wọ́n ṣe jáde, Àparò ké yéè! Ó sáré gbé àgbàdo dé.

"Ìyá, ẹ gbà o! Aṣọ tèmi ńkọ́?"

"Ìkòkò ti gbẹ, ọmọ mi."

"Ìtàn ìran tèmi ńkọ́?"

Ìyá nawọ́ sí igun kan tó ṣófo. "Ibí ni mo ń yà lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí o gbé àgbàdo padà. Mo fi í sílẹ̀ dè ọ́ títí ojú ọ̀run fi ṣú."

Òjò dé. Kí ọdún tó yípo, ìyá ti rọ̀run. Àánú Àparò ṣe mí.

Ìdí nìyẹn tí Agbe fi laró, tí Àlùkò fi losùn, tí Lékeléke fi lẹfun, tí aṣọ Àparò sì pọ́n títí dòní. Òun gan-an kò mọ ìtàn ìran rẹ̀. Ó kàn ń gun orí ebè, ó ń nàgà wò bóyá arúgbó kan tún ń po aró.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó dé oko lọ́la, kó bi Àparò.