Ihò tí Vizma Gbẹ́ sórí Yìnyín

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Vizma, tó ń fi bàtà onírin jó lórí yìnyín nílùú Rìgà, lórílẹ̀-èdè Látífíà, ti ṣubú lọ́nà méjèèjì.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà ìdíje àkọ́kọ́. Ó ṣubú, ó wo iwájú bóyá Màmá Zenta, olùkọ́ rẹ̀, á wá gbé e. Màmá ò mira.

"Dìde, kó o ha yìnyín dí ihò tí bàtà rẹ gbẹ́. Ẹlòmíì ń bọ̀ lẹ́yìn."

Lẹ́yìn ogún ọdún àti ife-ẹ̀yẹ lóríṣiríṣi, ó padà sí gbọ̀ngàn ìgbà èwe rẹ̀ fún ìdíje ìdágbére. Òórùn ibọ̀sẹ̀ tútù àtijọ́ ṣì ń kí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà ìgbáradì, kété kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ó fò, bàtà rẹ̀ gbẹ́ ihò.

"Dí i," ni Màmá Zenta wí.

"Ẹ̀yin náà, Màmá. Ṣé irú mi ló tún máa kúnlẹ̀ ha yìnyín?" Ó fi ihò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, tí ijó rẹ̀ dùn dé góńgó, inú ihò yẹn gan-an ló kó sí. Ìdí ọ̀gá lu yìnyín gbì, ife ìdágbére sì lọ.

Ó wo ẹ̀yìn. Ó rí ihò rẹ̀. Ó rí ọmọbìnrin tó kàn láti jó, tó ń so okùn bàtà. Ó parí ijó náà, àmọ́ kó tó tẹríba fún èrò, ó kúnlẹ̀, ó ha yìnyín, ó dí ihò náà pa.

"Ó pẹ́ díẹ̀," ni Màmá Zenta wí, ó ń nujú, "àmọ́ ọmọ mi ti dàgbà."