Orúkọ Ìjẹ̀bú Nílé Òǹdó

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Gbogbo wa là ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ilé wo gan-an? Ṣé ilé tí wọ́n bí ọmọ sí ni, àbí òmíràn? Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo fẹ́ sọ ọ́ yìí.

Ọnàfówókàn, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ìjẹ̀bú, bínú kúrò nílé bàbá rẹ̀, ó di ará Òǹdó. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Wúràọlá, ibẹ̀ ló ti bí ọmọkùnrin, kò sì ránṣẹ́ sílé rí. Gbogbo ìṣe Òǹdó ló ń ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é ju ọmọ onílùú lọ.

Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Akin ló pọ̀ jù l'Óǹdó. Nílé àwọn Ọnàfówókàn, Ọnà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó dìde, ó ní, "Akínkúnmi ni mo sọ ọ́."

Ìyá Wúràọlá, Òǹdó pọ́ńbélé, kọ̀ jálẹ̀.

"Ọmọ mi, Akin pọ̀ nílé tiwa. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe nílé yín?"

"Ọnà ni wọ́n ń gbẹ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n wọn á fi ọmọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ níbí."

"Kí wọ́n fi ṣe é. Yẹ̀yẹ́ kì í pa ọmọ. Ọnàyẹmí ni tèmi." Ó fi oyin kan ọmọ náà lẹ́nu. Orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára.

Ọmọ ti ń sáré kiri nígbà tí ibà pa bàbá rẹ̀. Kó tó kú, ó ní kí Wúràọlá mú un lọ fún bàbá òun. Bí obìnrin náà ṣe forí lé Ìjẹ̀bú nìyẹn.

Bàbá arúgbó náà ń gbẹ́ igi lọ́wọ́ nígbà tí Wúràọlá sọ fún un pé Òǹdó ni ọmọ rẹ̀ kú sí, pé ọmọ tó bí rèé. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ mi sọnù sí Òǹdó ni wọ́n ti ń kó ọmọ ọlọ́mọ wá bá mi látibẹ̀, pé ọmọ rẹ̀ ni."

Omijé bọ́ lójú Wúràọlá. Bí wọ́n bá lé wọn, ọmọ òun ò ní bàbá, kò ní ilé bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti lọ jókòó ti igi tí bàbá ń gbẹ́, ó ń fọwọ́ pa á lára.

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́, ará Òǹdó?" ni bàbá bi í.

"Ọnàyẹmí."

Àáké bọ́ lọ́wọ́ bàbá. "Akin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ti ń mú wá! Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá mi ni, bàbá. Ọkọ mi ò tilẹ̀ fẹ́," ni Wúràọlá dáhùn.

Bàbá gbé ọmọ náà lé itan, ó ń sunkún. "Obìnrin tí kò mọ̀ mí rí ló wo ilé mi kó tó sọ ọmọ mi lórúkọ! Bá mi kí i. Sọ fún un pé mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá."

Wúràọlá kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà Òǹdó, ó ní, "Ìyá mi, ẹ ṣé o."

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí yóò gba ọmọ náà lọ́jọ́ tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń sọ.