Ẹṣin Tó Ń Tiro ní Òkè-Ìjánu

Bí tọkọtaya bá ń jà ní Òkè-Ìjánu nítorí iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, tí ìjà náà kò sì fẹ́ tán, àgbà kan lè gbọn aṣọ rẹ̀ dìde, kó ní, "Ibi tí ẹṣin ti ń tiro kọ́ ló ti ń dùn ún," kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí àlejò bá wà níbẹ̀, ẹnu á yà á. Ẹsẹ̀ ni ẹṣin fi ń tiro. Bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, kí ló wá ń dùn ún? Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í béèrè, nítorí pé a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó bí wa. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Nígbà tí ẹṣin ṣì pọ̀ ju ewúrẹ́ lọ ní ìlú náà, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àbẹ̀jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ẹṣin tó ti ṣèṣe padà bọ̀ sípò. Kì í ṣe oníṣègùn. Bí inú bá ń run ẹṣin, tàbí ibà mú un, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ń mú un lọ. Èyí tó bá já sí kòtò tí iṣan rẹ̀ fà, tàbí tí egungun rẹ̀ ti jinná ṣùgbọ́n tí kò mọ ẹsẹ̀ í gbé mọ́, ti Àbẹ̀jẹ́ nìyẹn. Yóò fi òrí wọ́ ọ lára. Yóò ki aṣọ bọ omi gbígbóná, yóò fi dì í lẹ́sẹ̀. Yóò mú un wọ odò títí omi yóò fi kàn án láyà, kí omi lè bá a gbé ìdajì ara rẹ̀ bó ti ń rìn. Tó bá yá, yóò to igi tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, yóò sì máa mú ẹṣin náà rékọjá wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ẹsẹ̀ yóò fi rántí iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ náà kò sì yá. Etí ni ọmọṣẹ́ kọ́kọ́ ń kọ́. Yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà olókùúta, yóò dijú, yóò máa gbọ́ ìró pátákò, títí yóò fi mọ ẹsẹ̀ tí ẹṣin ń ṣọ́ gbé àti èyí tó ń fi gbogbo agbára tẹ̀. Lẹ́yìn etí ni ojú: yóò máa tẹ̀lé ẹṣin lẹ́yìn, yóò máa wo bí ìbàdí rẹ̀ ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀. Ọwọ́ ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kó tó kan ọwọ́.

Lágúnjú ní tirẹ̀ dúró. Ọkùnrin tó ti tó gbéyàwó ni, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ débi pé ẹṣin tó ń tapá fún gbogbo ayé a máa gbé orí lé e léjìká. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì pa á mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìyọ̀ǹda rẹ̀ ku díẹ̀, Àbẹ̀jẹ́ sọ fún un pé ẹṣin àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tún mú wọlé, òun nìkan ni yóò tọ́jú rẹ̀ dópin. Bó bá ṣe é yanjú, kó máa lọ sílé rẹ̀ bí ọ̀gá.

Ẹni tó mú ẹṣin wọlé ni Akínpẹ̀lú, Ọ̀tún Balógun ìlú náà. Arógunyọ̀ ni ẹṣin rẹ̀ ń jẹ́, akọ ẹṣin pupa tó lẹ́wà, ẹsẹ̀ òsì iwájú ni ó sì fi ń tiro. Ọdún Odi ti ń bọ̀ nígbà náà. Ọjọ́ yìí ni gbogbo olóyè ogun máa ń gun ẹṣin yí odi ìlú ká, èyí tí kò bá sì lè gun ẹṣin mọ́ ni wọ́n ń gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní ọdún tó ṣáájú, Òkín, abo ẹṣin tí Ọ̀tún ń gùn nígbà náà, tiro ní ẹsẹ̀ kan náà. Làmídì tó ń tọ́jú ẹṣin nílé Ọ̀tún ni wọ́n dá lẹ́bi. Ọ̀tún ní ó ń mú ẹṣin gba orí àpáta nítorí ọ̀lẹ, ó sì lé e jáde lójú àwọn ìyàwó àti ọmọ. Ó ta Òkín fún àwọn oníṣòwò tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà odò ńlá. Làmídì ló gbẹ̀bí Òkín lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹlẹ́ṣin kan ní Òkè-Ìjánu tó tún fún un níṣẹ́. Okùn ló ń hun tà lẹ́yìn odi.

Ọ̀tún kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí ẹṣin yìí náà kò bá gbé òun lọ́jọ́ ọdún, alápatà ni yóò mú un lọ.

Lágúnjú fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin náà, ó sì bá iṣan kan tó gbóná, tó wú díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé iṣẹ́ náà rọrùn. Ó wọ́ ọ, ó dì í, ó mú un wọ odò, ó mú un rìn láàárín igi. Kó tó pẹ́, Arógunyọ̀ ń rìn gbọnrangandan. Lágúnjú dá a padà fún Ọ̀tún, ó sì ń retí ìyọ̀ǹda.

Ọ̀sẹ̀ kò yí po tí wọ́n fi fa ẹṣin náà padà wá. Ẹsẹ̀ kan náà ni, iṣan kan náà. Lágúnjú ní àfi bí àwọn ará ilé Ọ̀tún kò tẹ̀lé ìlànà òun. Ó tún un tọ́jú, ó tún sàn, wọ́n mú un lọ, ó sì tún tiro bọ̀. Ní ọjọ́ yẹn, ojú ti Lágúnjú débi pé kò lè jẹun. Ó lọ jókòó ti Àbẹ̀jẹ́, ó ní bóyá ọwọ́ òun kò dára tó bí òun ṣe rò.

Àbẹ̀jẹ́ ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ dára. Òun ló jẹ́ kó o gbàgbé pé o ní ojú."

Ọ̀rọ̀ náà dun Lágúnjú, ṣùgbọ́n ó rò ó. Lọ́jọ́ kejì, kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹṣin náà rárá, ó kàn fi í sílẹ̀ kó sinmi. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, Lágúnjú gùn ún láìdì í ní gàárì, ó gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀. Ẹṣin kò tiro. Ó rò pé ó lè jẹ́ gàárì ló ń ni í lára, ó sì lọ yá gàárì Ọ̀tún gan-an. Ó dì í mọ́ ọn, ó tún gùn ún fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Ẹṣin kò tiro. Ẹyọ ohun kan ṣoṣo ló wá kù tí kò tíì wò.

Ó lọ bẹ Ọ̀tún pé kó jọ̀ọ́ kó gun ẹṣin náà díẹ̀ lójú òun. Ọ̀tún kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun kì í ṣe eléré. Nígbà tó rí i pé ọdún ti súnmọ́ ilé, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní àárọ̀ kùtù ni, lójú ọ̀nà oko, níbi tí èrò kò sí.

Lágúnjú dúró sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹṣin ń lọ, ó ń wo ìbàdí rẹ̀, ìbàdí ẹṣin náà sì dọ́gba. Ojú rẹ̀ wá gòkè sórí gàárì. Ìbàdí Ọ̀tún kò dọ́gba. Apá ọ̀tún gbé sókè bí ẹni tó jókòó sórí ẹ̀gún, gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ sì ń dà sí òsì, tó fi jẹ́ pé ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ òsì iwájú bá kanlẹ̀, àtẹṣin àtènìyàn ló ń gbé. Nígbà tí Ọ̀tún fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó wá ilẹ̀ tó ga, ó di gàárì mú pinpin, ẹsẹ̀ kan ló sì fi balẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹṣin ni ọkùnrin yìí, ìbá ti pẹ́ tí Lágúnjú ti mọ̀ pé oríkèé itan rẹ̀ kò dára.

Ó dúpẹ́, ó sì mú ẹṣin lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ta ni yóò wí fún olóyè ogun pé òun gan-an ni arọ, nígbà tí ọjọ́ ọdún ti dé tán? Wọ́n lé Làmídì lórí ohun tí kò tó èyí. Ó rò ó pé òun lè máa tún ẹsẹ̀ ẹṣin náà ṣe títí ọdún yóò fi kọjá, kí òun gba ìyọ̀ǹda òun, kí òun máa lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Àbẹ̀jẹ́.

Ìyá náà ní, "Báwo lo ṣe ń súnmọ́ ẹṣin tó ń jẹ̀rora?"

Lágúnjú ní òun kì í ti ẹ̀yìn wá, iwájú níbi tó ti lè rí òun lòun ń gbà, òun á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí òun tó fọwọ́ kàn án, òun kì í sì í kánjú.

Àbẹ̀jẹ́ ní, "Máa lọ, kó o lọ ṣe bẹ́ẹ̀."

Lágúnjú bá Ọ̀tún nìkan nínú ọgbà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì jókòó síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀. Kò mẹ́nu kan ìbàdí ẹnikẹ́ni. Ó sọ ti Arógunyọ̀: bó ṣe gùn ún láìsí gàárì, bó ṣe gùn ún pẹ̀lú gàárì, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe dá ṣáká. Ó ní, "Bàbá, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ẹṣin yín. Ẹrù ló ń bá ẹlòmíràn gbé."

Ọ̀tún ranjú mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó tutù. "Ìwọ mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín, Bàbá. Apá ọ̀tún ni, lókè itan. Ó máa ń le jù lówùúrọ̀."

Ọ̀tún fọwọ́ lé ìdí itan rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ó béèrè pé, "Ta ló tún mọ̀?"

"Ẹṣin mọ̀. Èyí tẹ́ ẹ tà náà mọ̀."

Ọ̀tún wá sọ ọ́. Lẹ́bàá odò ni ó ti ṣubú nígbà tó ń dọdẹ ẹfọ̀n, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí Òkín bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, ara fu ú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kì í ṣe Làmídì, òun ni. Bó bá sì jẹ́ òun, oyè ti lọ. Nítorí náà ó mú kó jẹ́ Làmídì. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀, kò sì nù ún.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì ni Lágúnjú ń mú wọ odò, ẹṣin lápá kan, olóyè lápá kejì. Ìrora náà ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ohun tó ti pẹ́ lára kì í fi ìkánjú lọ, ọjọ́ ọdún kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ Ọdún Odi, àwọn olóyè yòókù ti wà lórí ẹṣin nígbà tí Ọ̀tún dé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó ń tiro lójú gbogbo ayé. Arógunyọ̀ ń tẹ̀lé e láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, ìrìn rẹ̀ sì gún régé. Baálẹ̀ béèrè pé ṣé kì í ṣe ẹṣin yìí ni wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá.

Ọ̀tún ní, "Ibi tí ẹṣin ti ń tiro kọ́ ló ti ń dùn ún, Bàbá. Èmi ló ń dùn. Làmídì kò ṣẹ̀ mí, àwọn ẹṣin mi kò sì ṣẹ̀ mí." Ó bọ́ fìlà oyè, ó gbé e síwájú Baálẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òfin ni òfin, wọ́n sì fi ẹlòmíràn jẹ. Ìyẹn dùn ún títí tó fi kú, kò purọ́ rẹ̀.

Lágúnjú padà sílé, Àbẹ̀jẹ́ sì bi í pé kí ló ṣe ẹṣin náà. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe ẹṣin. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un, ó ní kó máa lọ kọ́ àwọn tirẹ̀.

Akínpẹ̀lú wá lọ bá Làmídì lẹ́yìn odi, níbi tó ti ń hun okùn. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní kó padà wá sídìí ẹṣin. Làmídì gbọ́ ọ tán. Ó ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n òun kò ní padà. Ó wá béèrè ohun kan péré.

"Òkín ńkọ́?"

Akínpẹ̀lú kò mọ ibi tí Òkín wà. Ó dúró síbẹ̀, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Làmídì pa dà sídìí okùn rẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́ṣin tó kọ̀ láti fún Làmídì níṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀tún kiri, láàárín ara wọn, pẹ̀lú ìtìjú. Àwọn ọmọ wọn sọ ọ́ dòwe. Kí a tó lé ẹnìkan jáde, kí a tó ta ẹṣin, kí a kọ́kọ́ gbójú sókè wo ẹni tó jókòó lórí gàárì. Ibi tí ẹṣin ti ń tiro kọ́ ló ti ń dùn ún.