Ìyá Àgbà Tó Ń Ṣe Àmín sí Orúkọ

Ọkùnrin kan wà, òkúta gbígbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, ní ìlú etíkun kan tí wọ́n ti ń sọ èdè Gíríìkì. Hébérù ni, Sakaráyà sì ni orúkọ rẹ̀. Ká ní ilé wa níbí ni wọ́n bí i sí, Olúrántí ni à bá máa pè é, torí ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí ni pé Ọlọ́run rántí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: ojú àwọn òbí rẹ̀ rí màbo kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n kékeré ló wà tí wọ́n fi kú, èdè wọn sì bá wọn lọ. Ahọ́n àwọn Gíríìkì yí ìró orúkọ náà díẹ̀, wọn ò sì mọ̀ ju pé àwọn ń pe èèyàn lọ. Òun náà ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ wá dá. Ebi wọlé, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Ni àwọn àwòrò òrìṣà ìlú náà bá ránṣẹ́ sí i pé kó wá gbẹ́ ère tuntun fún àwọn, àwọn á máa bọ́ ilé rẹ̀. Ó mọ̀ pé Ọlọ́run ka ère gbígbẹ́ léèwọ̀. Ó ní, “Ọlọ́run wo? Èyí tó ti gbàgbé mi?” Ó gbé òòlù, ó forí lé ojúbọ.

Ìyá àgbà Hébérù kan, tí ọkọ̀ ojú omi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti Jùdíà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọjà. Apẹja kan kí ọkùnrin náà pé, “Sakaráyà, o jí ire?” Ìyá ní, “Àmín!” Ẹlòmíì tún pè é. “Àmín o!” Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní orí arúgbó ti dàrú. Inú bí ọkùnrin náà, ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbàdúrà tí ẹ ń ṣe àmín?”

“Gbogbo wọn ni, ọmọ mi. Wọ́n ní Ọlọ́run rántí. Ṣé kí n dákẹ́ ni? Àbí ìwọ tó ń jẹ́ orúkọ ò mọ ohun tí ò ń jẹ́?”

Ìgbà náà ló yé e. Gbogbo ìlú, tó fi mọ́ àwọn abọ̀rìṣà, ló ti ń wàásù fún un láràárọ̀, òun nìkan ni kò gbọ́! Ó bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá àwọn àwòrò náà lójúkojú, ó ní, “Ẹ wá ẹlòmíì. Sakaráyà lorúkọ mi, mi ò ní sọ ìyá tó bí mi di òpùrọ́.”

Ebi ò tán lọ́jọ́ náà o, mi ò ní tàn ọ́. Àmọ́ ó gba àárín ọjà padà bí ajagunṣẹ́gun, wọ́n ń pè é lọ́tùn-ún lósì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe àmín.

Lásárù, torí rẹ ni mo ṣe pa ìtàn yìí. Ọ̀gá rẹ ní kí o jẹ́rìí èké ní kóòtù lọ́la kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o sì ń sọ pé o ò ní olùrànlọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń fi orúkọ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ pé orúkọ tálákà inú Bíbélì ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa! Eliásárì làwọn Hébérù ń pè é kó tó bọ́ sẹ́nu àwọn Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé Ọlọ́run ti ràn án lọ́wọ́. Lọ́la, wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ pé kí lorúkọ rẹ. Dìde dúró, sọ ọ́ sókè, kí o sì sọ òtítọ́ tẹ̀ lé e.