Egbin Alágogo àti Ọmọ Rẹ̀ Àkàngbé

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ́ mi ré odò kọjá, ó balẹ̀ sórí Egbin àti Àkàngbé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Láyé ìgbà náà, bí àwọn ẹranko bá ń sáré ìje, ìyá kọ̀ọ̀kan ló ń ki ọmọ tirẹ̀. Egbin wá rí agogo tí wọ́n ń mì lọ́wọ́ lókè òkun. Ó ní, "Èyí á gba ọ̀fun àwọn abiyamọ sílẹ̀." Bó ṣe di alágogo nìyẹn, tó ń kó agogo wá tà fún àwọn ìyá yòókù.

Lọ́dún kìíní, Àkàngbé sáré; ìyá rẹ̀ ti lọ kó agogo. Lọ́dún kejì, Egbin ṣì wà lójú omi pẹ̀lú ẹrù. Ọmọ wọ̀nà títí, ó fi orin sí i. Ẹ gbè é!

Ìyá mi dà o?
*Woro-woro jan!*
Ta ni yóò kì mí o?
*Woro-woro jan!*

Lọ́dún kẹta, Egbin ní òun ò lọ mọ́. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Bí Àkàngbé ṣe ń sáré bọ̀, ìyá rẹ̀ lanu: "Àkàngbé, arẹwà inú ọ̀dàn!" Ni Ìyá Erin bá mi agogo tirẹ̀, ni Ìyá Ẹfọ̀n mi tirẹ̀, ni gbogbo pápá bá ń dún woro-woro jan. Egbin kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Àkàngbé kọjá níwájú rẹ̀, ọ̀nà odò tí ìyá rẹ̀ máa ń gbà bọ̀ ló ń wò.

Òun ló gba ipò kìíní. Ó yíjú sí Ìyá Erin: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìyá mi ò tún wá ni?"

Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má dún. Ó dún, àbí kò dún? Ó yá, ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ń pè, kó tètè dáhùn.