Aṣọ Tó Jẹ́rìí fún Bùsàrí

Kìrì-kà, kìrì-kà. Bí òfì ṣe máa ń ké ní àdúgbò Ìdí-Òfì nìyẹn láti ìdájí. Etí tó bá ti gbọ́ ìró yẹn rí kì í gbàgbé rẹ̀, bí ẹsẹ̀ tilẹ̀ gbé ẹni náà lọ sí ibi tí wọn kò ti mọ òfì. Àdúgbò yẹn ni wọ́n ti máa ń pa á lówe pé: "Tú aṣọ wò kí o tó dá ahunṣọ lẹ́jọ́." Kò sí ọmọ ìlú wa tí kò mọ òwe yìí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo wa la mọ gbòǹgbò rẹ̀?

Ahunṣọ ni Ṣítù àti Bùsàrí àbúrò rẹ̀. Òfì wọn kọjú síra, kò sì sẹ́ni tó mọ ọwọ́ Bùsàrí tó Ṣítù. Ní ọdún kan, iná jó ìsọ̀ Gàníyù tó ń ta òwú, ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì bá iná náà lọ. Bùsàrí ni wọ́n bá nítòsí pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́, tó ń sọ pé òwú inú ìsọ̀ ló ń bú òun. Ìlú rántí pé òun àti Gàníyù ti jà lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n ní ìkà ló ṣe, pé ó kàn ń fi wèrè bojú ni. Bí ilé ẹjọ́ bá gba ìyẹn gbọ́, okùn ló kàn.

Adájọ́ ní kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Dókítà Wúràọlá, obìnrin kúkurú kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ni ọ̀ràn náà bọ́ sí lọ́wọ́. Kò fi ìbéèrè ọjọ́ kan parí rẹ̀. Ó ń ṣọ́ Bùsàrí nídìí oúnjẹ, ó ń ṣọ́ ọ lójú oorun, pàápàá nígbà tí kò mọ̀ pé ojú kan wà lára òun. Ó rí i pé bó bá ku Bùsàrí nìkan, ṣe ló máa ń fi òwú di etí. Ẹni tó ń díbọ́n kì í sábàá díbọ́n fún ògiri. Síbẹ̀, ìyẹn ò tó o. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n mú Bùsàrí lòun kọ́kọ́ rí i. Kí ló ti ń ṣe é kí ìjà tó dé? Ló bá wọkọ̀, ó di Ìdí-Òfì.

Ṣítù gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó fún un lómi, ó sì purọ́ fún un. Ó ní kò sí wèrè nílé àwọn láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Ẹ má tètè bá a wí. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ Sèlíátù ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìwádìí lọ́wọ́, bí a ṣe máa ń ṣe, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ ń bèèrè ni bóyá wèrè wà nínú ìdílé. Ó wá fi àwàdà bo ọ̀rọ̀ náà.

"Ìwé tẹ́ ẹ kà tó yẹn ńkọ́, Dókítà? Ẹ ò lè wo ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ojú ti tàn mí jẹ rí, bàbá. Ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn. Mi ò wá gbèjà àbúrò yín, mi ò sì wá pa á. Ohun tí mo bá rí ni màá sọ fún adájọ́."

Ó bèèrè iṣẹ́ tí Bùsàrí hun kẹ́yìn. Ṣítù ní àwọn ti tà á. Obìnrin náà kò jiyàn. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Abẹ́ ibùsùn Ṣítù ni aṣọ náà wà. Inú ààwẹ̀, nígbà tí Iléyá ṣì jìnnà, ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ gé e lórí òfì, tó ká a, tó fi í pamọ́. Ìyá Sèlíátù mọ̀. Bó ṣe ń palẹ̀ ife omi mọ́ ló sọ ọ́ wẹ́rẹ́:

"Baba Sèlíátù, bí wọ́n bá so Bùsàrí kọ́, ṣé àwọn àna ò ní bèèrè ìyẹn náà?"

Ṣítù padà sídìí iṣẹ́, àmọ́ òfì kan ṣoṣo ló ń ké níbi tí méjì ti máa ń dá ara wọn lóhùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rán awakọ̀ kan níṣẹ́ sí dókítà.

Dókítà padà wá, ó sì tú aṣọ náà sílẹ̀ ní ojúde. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlà rẹ̀ gún bí eyín ìyarun. Nígbà tó yá, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Níwájú sí i, òwú di kókó lórí kókó. Irun orí wà nínú rẹ̀, ewé gbígbẹ wà nínú rẹ̀, àkísà ẹ̀wù Bùsàrí fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ọ̀nà tí ènìyàn gbà títí tó fi sọnù. Dókítà kò tìtorí ìyẹn sáré. Ó bèèrè lọ́wọ́ Ṣítù ìgbà tí wọ́n gé e, ó sì tún bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnu kan ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ wọn ṣe déédéé: inú ààwẹ̀ ni, kí ìjà tó dé rárá.

Ní kóòtù, ó sọ èyí tó rí àti bó ṣe rí i. Èyí tí kò mọ̀, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. Adájọ́ kò dájọ́ ikú. Ó ní kí wọ́n dá Bùsàrí padà sílé ìwòsàn, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀. Ọdẹ tó kú kò jí dìde, ìlú kò sì gbàgbé rẹ̀. Àwọn àna kò padà wá mọ́. Nígbà tó yá, Sèlíátù lọ́kọ nílé tí wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó wá tọrọ rẹ̀. Bùsàrí náà tún jókòó sídìí òfì lọ́dọ̀ àwọn dókítà, ìlà rẹ̀ sì tún gún.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń kánjú pe ọmọnìkejì ní ìkà tàbí ẹlẹ́tàn, nígbà tí ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò ṣì wà ní kíká, àwọn àgbà á ní kó tú aṣọ wò kó tó dá ahunṣọ lẹ́jọ́. Àwọn mìíràn rò pé adájọ́ ló sọ ọ́. Ṣítù ni, nínú iṣẹ́ tó fi rán awakọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn:

"Bá mi sọ fún Dókítà pé irọ́ ni mo pa. Wèrè wà nílé wa. Kí wọ́n wá tú aṣọ wò kí wọ́n tó dá ahunṣọ lẹ́jọ́."